Kí Ló Dé Tí Àwọ̀ Pupa Fi Pòórá Lẹ́nu Ìbọn Bàbá?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ọdẹ ni. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà kan, wọ́n ń ráhùn pé irin kékeré tó yọrí ní ẹnu ìbọn àwọn, èyí tí wọ́n fi ń wo ẹran kí wọ́n tó yìn ín, kò hàn sí àwọn dáadáa mọ́. Ọmọ wọn obìnrin bá mú kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀, èyí tó pupa fòò, ó fi kun irin náà. Lọ́sàn-án gangan, ó ń tàn yanran. Inú Bàbá dùn. Àfi ìgbà tí ìrọ̀lẹ́ bá wọn nínú igbó tí pupa ọ̀hún pòórá. Wọ́n ní ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi èédú kùn ún.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú àgbà ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbọn ìléwọ́ ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí hàn lára rẹ̀ jù. Ó ní irin iwájú ní ẹnu, ó sì ní irin ẹ̀yìn tó ní àlàfo láàárín. Ẹni tó fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ to irin méjèèjì àti ohun tó ń wò sórí ìlà kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú èèyàn ò lè rí nǹkan tó wà nítòsí àti èyí tó wà lókèèrè kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ wo àwọn ìlà ara rẹ̀, kí ẹ wá wo òpó iná tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ọ̀kan bá ti mọ́ kedere, èkejì á di bàìbàì.

Èwo wá ni kí èèyàn fojú mú? Irin iwájú ni. Ká ní mítà 10 ni ohun tí à ń wò fi jìnnà sí wa, tí irin méjèèjì sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà síra. Bí irin iwájú bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, ọta á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.7 tàsé. Bẹ́ẹ̀, nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ ti mítà 10 ní Òlíńpíìkì, òrùka tó ń fúnni ní máàkì 10 ò fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ!

Ẹ rántí Yusuf Dikeç ará Tọ́kì, tó ti ọwọ́ kan bọ àpò ní Paris lọ́dún 2024, tí àwòrán rẹ̀ sì gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Òun àti Şevval İlayda Tarhan gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Nínú irú ìdíje yẹn, irin iwájú sábà máa ń dúdú ni, wọn kì í kùn ún ní ọ̀dà kankan. Àárín àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí náà dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá gbé dúdú lé dúdú: ìsàlẹ̀ àárín yẹn, lórí ibi tó funfun, ni wọ́n ń gbé irin sí kó lè hàn ketekete. Ohun tó wà lẹ́yìn irin ṣe pàtàkì tó àwọ̀ irin fúnra rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́. Inú ẹyinjú wa ní irú sẹ́ẹ̀lì méjì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ló mọ àwọ̀, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ yẹ́lò (nǹkan bíi nánómítà 555) ni wọ́n sì tètè ń rí jù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn ò mọ àwọ̀ rárá, ekukáká ni wọ́n sì fi ń rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Jan Purkinje, onímọ̀ ará Czech, ṣàlàyé ohun tó ń tìdí èyí jáde ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn: bí ilẹ̀ bá ń ṣú, pupa ló ń kọ́kọ́ dúdú. Ẹ lọ wo òdòdó pupa nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ewé rẹ̀ á mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Kútẹ́ẹ̀sì ò ṣẹ̀ Bàbá. Àwọn kan ń fi tritium, tó ń tànmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, sínú irin iwájú, àmọ́ lẹ́yìn ọdún 12 àti díẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti lọ.

Ní ti ojú àgbà, láti nǹkan bí ogójì ọdún ni lẹ́ǹsì inú ojú ti ń le, tí ohun tó wà nítòsí á máa ṣe bàìbàì. Dígí ìkàwé ò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án, torí ohun tó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 40 ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Béèyàn bá na ọwọ́ tán, irin iwájú ìbọn ìléwọ́ lè jìnnà tó 60 sí 70, ti ìbọn ọdẹ tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kéèyàn wọn ìyẹn, kó sọ ọ́ fún dókítà ojú. Ẹ tún lè fi abẹ́rẹ́ lu bébà kí ẹ yọjú wo inú ihò rẹ̀: ohun ìtòsí àti ti ọ̀nà jíjìn á jọ mọ́ sí i. Oòrùn ọ̀sán ń ṣe irú ẹ̀ fún wa, torí ó ń mú kí ọmọlójú wa kéré.

Ohun tí Bàbá sọ kẹ́yìn ló bà mí lẹ́rù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ tí ewé ń mì, wọ́n gbé ìbọn sókè, wọ́n ń wá pupa náà, wọn ò rí i. Níbi tí wọ́n ti ń wá a ni ohùn ọmọdé kan jáde látinú igbó. Ìgbín ló ń ṣà.

Ká ní pupa yẹn tàn ńkọ́? Irin iwájú tó hàn kedere ò lè sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fúnni. Kódà, tí ojú bá ti mú irin, ohun tó wà lẹ́yìn ló ń di bàìbàì. Ohun yẹn lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá mọ̀ dájú, kó tó kan irin rárá.

Bàbá ti ha kútẹ́ẹ̀sì náà kúrò, ẹfun ni wọ́n ń fi pa á báyìí. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, ilé làwọn ń bọ̀.