Àkànní, Kí Lo Fi Orin Bàbá Rẹ Ṣe?

Àkànní, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Oúnjẹ wà nínú kúlà, kò sá lọ. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìrántí ọdún kẹwàá bàbá rẹ ní Olódì-Àpápá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ bá ọ sọ ọ́ lójú èrò.

Orin kan ṣoṣo ni mo ní kí o fi sí i fún wa lọ́jọ́ náà: Oroki Social Club ti Haruna Ishola, èyí tó jáde ní 1971, tí bàbá rẹ kì í jẹ́ kí ọjọ́ Sunday kọjá láìgbé e sórí giramafóònù. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní wáàfù ti jókòó, ìwọ̀nba tó kù nínú wọn. Wọ́n ń retí. O ṣí kọ̀ǹpútà, ò ń wá a lókè, ò ń wá a nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Mo wá yọjú wo ohun tí ò ń wò. "Track 01". "Track 01". "Track 01" láti òkè délẹ̀! Ta ló kọrin? "Unknown Artist". Àkànní, ṣé Haruna Ishola ni ẹni tí a kò mọ̀? Níwájú àwọn bàbá tó jó sí orin rẹ̀ nígbà èwe wọn? Òógùn bò ọ́, o fi orin míì sí i, àwọn bàbá náà kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé wọn kò sọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé o ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́rin lo fi jókòó ti giramafóònù yẹn, tí ò ń gba orin sínú kọ̀ǹpútà ní rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí iná ń lọ, tí iná ń bọ̀, tí ò ń fi owó ara rẹ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o dá iṣẹ́ náà dúró níbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé iṣẹ́ fáìlì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Creek Road. Kọ̀ǹténà kì í wọ Àpápá láìlórúkọ. Lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà méje, wọ́n kọ ọ́ sí ara irin, wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù. Tí nọ́ńbà kan péré bá yàtọ̀, ẹrù náà yóò jókòó síbẹ̀, owó ìdádúró ẹrù, dèmọ́réèjì, á máa gorí ara wọn, ẹlẹ́rù á máa sáré káàkiri. Ẹrù yẹn kò sọnù o. Ojú ń rí i. Kò kàn sí ẹni tó lè gbé e jáde ni. Bí orin bàbá rẹ ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn nìyẹn.

Má sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló fà á. Mo ti bi ọmọ aládùúgbò wa, èyí tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà lápá Tolu, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú fáìlì MP3 kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orúkọ, pé ID3 ni wọ́n ń pè é, pé ọkùnrin kan, Eric Kemp, ló gbé e kalẹ̀ ní 1996. Lẹ́tà 30 péré ni wọ́n fún orúkọ orin nígbà yẹn, 30 fún olórin. Mo mú pẹ́ńsù, mo kà á: Chief Commander Ebenezer Obey, tí a bá ka àlàfo mọ́ ọn, 29 ni. Inter-Reformers Band, ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ríbi jókòó! Oríṣi orin 80 ni wọ́n tò síbẹ̀ kí èèyàn mú ọ̀kan. Polka wà níbẹ̀. Jùjú kò sí, àpàlà kò sí, sákárà kò sí, fújì kò sí. Àwọn tó ṣe é kò ro tiwa mọ́ ọn, ó sì bí mi nínú. Ṣùgbọ́n láti 1998 ni ẹ̀dà kejì rẹ̀ ti jáde, tí èèyàn lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀, bó ti wù kó gùn tó. Àwáwí tán nìyẹn, Àkànní.

Orin ìgbà tìrẹ gan-an, tí ẹ fi ń da eruku sílẹ̀ ní àdúgbò yìí, Daddy Showkey, Baba Fryo, African China, "Reggae" lo jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ sí gbogbo wọn. Galala ni Showkey ń kọ. Ajégúnlẹ̀ níbí ló ti jáde. Kọ Galala sí i.

Àwọn orúkọ díẹ̀ tó o kọ pàápàá ńkọ́? Haruna Ishola wà lọ́tọ̀, Haruna Isola wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Sunny Adé mẹ́rin ni mo kà: KSA, Sunny Ade, èyí tó ní Green Spots, èyí tó ní African Beats. Orúkọ ọ̀gá, mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan, kí o sì dì í mú. Ṣùgbọ́n má pa orúkọ ẹgbẹ́ rẹ́. Green Spots ló ṣáájú kó tó di African Beats. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti da ọjọ́ orí orin rú.

Èyí tó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún ni bí o ṣe gé wọn. Ta ló ní kí o gé wọn? Rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú ìgbà wa, ojú kan ni eré kan, ìṣẹ́jú bí 18 sí 20 láìdánudúró. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, á bọ́ sórí olówó kan ní Ìbàdàn, á fi ìyá olówó náà kún un, gìtá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìlù á dáhùn. O wá gé e ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orin ìsinsìnyí ṣe rí, o sì ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣà wọ́n bó ṣe wù ú. Ìlù ń dáhùn gìtá tí kò tíì sọ̀rọ̀! Pa wọ́n pọ̀ padà. Èyí tí kò bá ṣeé pa pọ̀, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí giramafóònù kí o tún un gbà.

Ẹ ń gba Wharf Road kọjá lójoojúmọ́, ọkọ̀ àjàgbé nìkan lẹ̀ ń rí. Ibẹ̀ ni sítúdíò EMI wà nígbà kan rí. Fela ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ní 1973, Paul McCartney gbéra láti London wá síbẹ̀ ṣe Band on the Run. Àwọn olè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan nílùú Èkó yìí, wọ́n gba téèpù orin tó ti múra sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí wọn, ó tún wọn kọ, torí òun ló ni orin. Àwọn tiwa ńkọ́? Yusuf Olatunji kú ní 1978, Ayinla Omowura ní 1980, Haruna ní 1983. Tí kọ̀ǹpútà rẹ bá dákú lọ́la, ta ló máa tún un kọ fún ọ?

Torí náà, má fi àwọn orin náà sójú kan ṣoṣo. Má sì rò pé tó o bá ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí. MySpace fẹnu ara wọn sọ ní 2019 pé orin táwọn èèyàn ti kó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ, nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Fi ẹ̀dà kan sí háàdì díìsìkì kí o gbé e wá síbí, fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ n'Íbàdàn.

Ó ku ọ̀kan. Níbo ni páálí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn wà? O rò pé mi ò mọ̀ pé o kó wọn sẹ́yìnkùlé kí àwọn akólẹ̀ lè gbé wọn. Ara páálí ni orúkọ àwọn onílù wà. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà wà, WAPS fún ti Decca, SALPS fún ti Sunny Alade. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ fi báírò kọ ọjọ́ tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye tó rà á. Ìkọ̀wé ọwọ́ bàbá rẹ, Àkànní.

Dìde, wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni mo sanwó fún ọlọ́mọlanke kó gbé wọn wá sílé mi.

Ẹni ọdún 76 ni mí. Mo ṣì mọ àwọn tí wọ́n ń kì nínú orin wọ̀nyẹn, mo mọ ilé tí púpọ̀ nínú wọn gbé. Lọ jẹun. Tí o bá jẹun tán, gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí o mú Haruna Ishola ṣáájú.