Ẹ̀kọ́ nípa Wàrà Ràkúnmí

Ràkúnmí jẹ́ ẹranko tí ó lè fún ni ní wàrà nígbà tí ọ̀dá bá mú kí ọmú màlúù gbẹ. Ní ilẹ̀ Sudan, àwọn darandaran a máa da wàrà rẹ̀ sínú àpò awọ, wọn a sì so ó mọ́ gàárì. Bí ràkúnmí ti ń rìn lọ ni wàrà ń mì, tí ó sì ń kan. Gariss ni wọ́n ń pe wàrà kíkan náà. Oúnjẹ ni lójú wọn, oògùn sì ni pẹ̀lú. Ó yẹ kí a mọ ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà dé, nítorí ẹni tí ó bá ṣì í mú lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Ibi tí agbára rẹ̀ ti wá

Èròjà amúaradàgbà inú wàrà, èyí tí à ń pè ní purotéènì, dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn gígùn. Nígbà tí wàrà bá dé àpòlúkù àti ìfun, omi tí ń da oúnjẹ a gé okùn náà sí wẹ́wẹ́. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí ń mú wàrà kan náà a máa gé e. Ègé kúkúrú, tí ó sábà máa ń ní ìlẹ̀kẹ̀ 2 títí dé 20, ni à ń pè ní pẹ́pítáìdì. Ègé mìíràn a máa ṣe iṣẹ́ tí okùn odindi kò lè ṣe.

Purotéènì ràkúnmí kò rí bí ti màlúù. Kò ní beta-lactoglobulin rárá, èyí tí ó wà nínú wàrà màlúù, tí ara àwọn ọmọdé mìíràn sì ń kọ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kò ti tò bákan náà, ègé tí ń jáde lára wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tí a ti rí

Nínú yàrá àyẹ̀wò, a ti rí ègé tí ń dí ohun tí ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́, àti òmíràn tí ń gbèjà ohun tí ń rán ara létí láti tú ínsúlínì jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ìgò kò tíì di iṣẹ́ inú ara: ìfun tún lè gé ègé náà kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ní Bikaner, ní ilẹ̀ Íńdíà, a fún àwọn alátọ̀gbẹ kan ní wàrà yìí lójoojúmọ́, ìwọ̀n ínsúlínì tí àwọn mìíràn nílò sì dínkù. Àwọn tí a yẹ̀wò kò pọ̀, abẹ́ ojú dókítà ni gbogbo wọn sì wà.

Nípa sísè

Àwọn kan ń sọ pé bí iná bá kan wàrà ràkúnmí, oògùn inú rẹ̀ ti kú. Iná a máa tú ìdì okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í já a. Òtítọ́ ni pé àwọn purotéènì kan tí ń bá kòkòrò àrùn jà ní odindi wọn, bíi lactoferrin, a máa pàdánù agbára nínú iná. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ègé wọ̀nyí, àpòlúkù ni yóò gé okùn, ìbáà ṣe pé a se wàrà tàbí a kò sè é.

Wàrà tí a kò sè lè gbé àrùn brucellosis wọ inú ara: ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, òógùn òru, àti oríkèé ríro tí ó lè gba oṣù púpọ̀. Lára ràkúnmí ni ènìyàn sì ti lè kó àrùn MERS, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Saudi Arébíà ní ọdún 2012. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kìlọ̀ pé kí a má ṣe mu wàrà ràkúnmí láìsè é.

Ìlànà tí ó yẹ kí a pa mọ́

1. Kí a se wàrà títí yóò fi hó, kí a tó mu ún tàbí kí a tó sọ ọ́ di kíkan. Kíkan nìkan kò tó láti pa kòkòrò àrùn.

2. Kí alátọ̀gbẹ tí ń mu ún sọ fún dókítà rẹ̀. Dókítà nìkan ni ó gbọdọ̀ dín oògùn kù.

3. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí wàrà fi ínsúlínì sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè pèsè ínsúlínì, bí ó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ọjọ́ díẹ̀ tó láti pa á.

Oúnjẹ rere ni wàrà ràkúnmí. Kí a jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, kí a má sì fi í rọ́pò oògùn.