Kí Ọjà Kún Kí Ẹ Tó Gbowó Ìsọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ dá ọjà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ gidi lẹ dáwọ́ lé.  Ẹni tó bá mú kí olùtà àti olùrà pàdé láìsí ìjà, tí oníkálukú sì gba tirẹ̀ lọ sílé, ó ṣe ìlú lóore. Ṣùgbọ́n mo ti rí púpọ̀ nínú irú ọjà yìí tó fi ariwo ṣílẹ̀kùn, tó sì ti ìlẹ̀kùn láìdágbére. Ohun tó ń pa wọ́n jọra. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n pè yín jókòó kí owó yín tó lọ síbi tí kò ní padà.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ, àlàyé ni gbogbo ìyókù: ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ lọ́jà yín, kí ọjà náà kún, kí ẹ tó nawọ́ gba owó. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń bá yí ná. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ń ta ẹrù ara rẹ̀. Bó bá ra aṣọ ní 5,000 náírà, tó tà á ní 6,500, èrè rẹ̀ ni 1,500. Ẹni tó dá ọjà kò ní aṣọ, kò ní bàtà, kò ní fóònù tó ń tà. Èrò tó pé jọ ni gbogbo ohun tó ní. Èrò náà sì pín sí ọ̀nà méjì: olùtà kò ní wá síbi tí kò ti ní rí olùrà, olùrà náà kò ní yà síbi tí kò ti ní rí ohun tó ń wá. Ta ni yóò kọ́kọ́ wá? Ìbéèrè yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kékeré.

Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́. Níbi tí èrò kò bá tíì pọ̀, wọn kì í ná ọjà lójoojúmọ́. Wọ́n á dá ọjọ́ kan, wọ́n á sọ ọ́ di ọjà ọrọọrún, kí ará oko àti ará ìlú lè bára wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìlú kejì á mú ọjọ́ tirẹ̀, ìkẹta á mú tirẹ̀, alájàpá á sì máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Èrò tí ì bá fọ́n ká á wá ṣù jọ síbì kan. Ìyá tó ru iṣu láti oko mọ̀ pé òun kò ní rù ú padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe nìyẹn. Ẹ má ṣí ọjà yín fún gbogbo Nàìjíríà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ mú irú ọjà kan, ẹ mú àdúgbò kan. Bó bá jẹ́ àlòkù ẹrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn lẹ fẹ́ máa bá wọn tà, ẹ dúró síbẹ̀ títí ọmọ tó ń wá fáànù yóò fi rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹ̀ wò kó tó mú èyí tó wù ú. Ìwé nìkan ni Amazon ń tà nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní 1995. Nígbà tí Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, Èkó nìkan ló ti ń tajà, nǹkan ọmọ ọwọ́ àti nǹkan ìtọ́jú ara ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọjà tó kún ní àdúgbò kan sàn ju èyí tó ṣófo ní ìpínlẹ̀ 36 lọ.

Ẹ wo bí eBay ṣe bẹ̀rẹ̀. Pierre Omidyar, ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní California, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1995. AuctionWeb ló pè é nígbà náà, ọjà gbàǹjo ni: ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ń gbé ẹrù lọ. Iná lésà kékeré kan tó ti bàjẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó tà níbẹ̀, wọ́n rà á ní dọ́là 14.83. Omidyar bi ẹni tó rà á bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Onítọ̀hún ní òun mọ̀, irú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá jù sí ààtàn rí oníbàárà nítorí pé ibì kan wà tí olùtà àti olùrà ti lè ríra.

Omidyar kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èrò pọ̀, tí iléeṣẹ́ tó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì ní kó máa san dọ́là 250 lóṣù, ìgbà yẹn ló tó ní kí olùtà máa fi ìdá díẹ̀ ránṣẹ́ nínú owó ohun tó bá tà. Kò rán agbowó sí ẹnikẹ́ni. Àpòòwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, sọ̀wédowó wà nínú òmíràn, owó wẹ́wẹ́ wà nínú òmíràn. Láàárín 1996, owó tó ń wọlé ju owó oṣù rẹ̀ lọ, ó sì fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀. Kí ló dé tí àwọn olùtà fi sanwó láìjà? Wọ́n ti jèrè níbẹ̀ ná. Lọ́dún yẹn kan náà ló tún fún olùrà àti olùtà láàyè láti máa jẹ́rìí síra wọn ní gbangba: ẹni tó ṣe dáadáa, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó rẹ́ni jẹ, wọ́n á kọ tirẹ̀ náà. Orúkọ rere wá ní iye lórí lọ́jà náà.

Ní 2003, Alibaba, iléeṣẹ́ tí Jack Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Hangzhou ní 1999, ṣí ọjà Taobao ní Ṣáínà. eBay yìí kan náà ti ra EachNet, ọjà tó lókìkí jù níbẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. eBay ń gba owó lọ́wọ́ olùtà. Taobao ní ọ̀fẹ́ ni tòun. Ọ̀fẹ́ náà ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Taobao jẹ́ kí olùrà àti olùtà máa bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n bi ara wọn léèrè, kí wọ́n sì ná ọjà bí àwọn èèyàn wọn ti ń ná an. Èkejì ni Alipay. Olùrà á san owó, ṣùgbọ́n owó náà kò ní tíì dé ọwọ́ olùtà, Alipay ni yóò dì í mú. Olùtà á fi ẹrù ránṣẹ́. Olùrà á tú u wò, bó bá ní ó dáa, nígbà náà ni owó á tó bọ́ sọ́wọ́ olùtà. Ẹni méjì tí kò rí ara wọn rí, tí ẹgbẹ̀rún kìlómítà wà láàárín wọn, wá lè ṣòwò kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ní òpin 2006, eBay kógbá ìkànnì tirẹ̀ ní Ṣáínà wọlé.

Ẹ ó bi mí pé níbo ni Taobao ti wá rí owó. Nígbà tí olùtà pọ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò hàn sójú mọ́, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó kí ẹrù wọn lè wà níwájú. Owó ìpolówó yẹn di orísun gbòógì fún Alibaba. Ní 2008 wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, èyí tí a mọ̀ sí Tmall lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìdá lórí ohun tó bá tà. Nílé wa níbí, ọ̀nà tó jọ èyí ni Jiji, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ń tọ̀: o lè fi ẹrù rẹ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí o bá fẹ́ kó hàn ju ti ẹlòmíràn lọ, o máa sanwó. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún ẹni tó dá ọjà kò ju bíi mélòó kan lọ: ìdá lórí títà, owó ìsọ̀, owó ìpolówó, owó fífi ẹrù ránṣẹ́, àti owó tí a ń gbà lórí sísan owó fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó lè dúró nínú wọn bí ọjà kò bá tíì kún.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó. Jumia àti Konga ló la ọ̀nà yìí fún yín ní 2012, ó sì yẹ kí ẹ bọlá fún wọn. Gbájú-ẹ̀ ti kọ́ àwọn èèyàn wa lọ́gbọ́n, wọn kò ní fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò rí. Àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì wá ní kí ẹrù dé ẹnu ọ̀nà kí olùrà tó sanwó. Ìyẹn fi ọkàn olùrà balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó dá ọjà ni ìnáwó rẹ̀ wà. Ọlọ́kadà á gbé ẹrù láti Ìkejà dé Ajah, olùrà á pa fóònù, tàbí kó ní òun kò fẹ́ mọ́. Nígbà tí ọdún 2018 fi máa parí, àpapọ̀ àdánù Jumia ti ju 860 mílíọ̀nù Yúróò lọ. Síbẹ̀ ó wọ ọjà ìpín ìdókoòwò ní New York ní oṣù kẹrin 2019. Ní òpin 2023 ó pa apá tó ń gbé oúnjẹ kiri tì. Konga bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Zinox ní 2018.

Ẹ mú bírò kí ẹ bá mi ṣírò. Ká ní ìyá kan ta bàtà 10,000 náírà lọ́jà yín, ẹ sì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. 1,000 náírà lẹ rí. Ká ní ẹni tó bá yín gba owó náà lórí káàdì yọ 250. Ẹ fún olùrà ní ẹ̀dínwó 500 kó lè wá, ó ku 250. Ẹ ti san 900 fún ìpolówó lórí Facebook kó tó mọ̀ yín. Lórí bàtà kan ṣoṣo, 650 náírà ti wọgbó. Bí ẹ bá ta ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ lóòjọ́, 650,000 lẹ ń sọ nù lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn á sì máa kí yín kú oríire pé ọjà yín ń tà.

Ṣùgbọ́n ká ní olùrà náà gbádùn ohun tó rà, tó wá padà wá lẹ́ẹ̀marùn-ún láìgba ẹ̀dínwó, láìsí pé ẹ polówó fún un mọ́. 750 náírà lẹ ń rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3,750. Ẹ yọ 650 àkọ́kọ́ kúrò, 3,100 ló kù fún yín. Ibẹ̀ ni èrè ọjà wà, lọ́wọ́ oníbàárà tó padà wá. Ẹni tí awúfù bá gbé wá, awúfù mìíràn ni yóò gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún owó olówó. Mi ò ní kí ẹ má gbà á lọ́wọ́ olùdókoòwò. Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò lè gbérí láìsí i. Ẹ má fi ra èrò ni mo ń wí. Bí owó náà bá máa kọ́ ibi ìkẹ́rùsí, tàbí tó máa san owó padà fún oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dínwó lẹ fẹ́ máa fi pín kiri kí iye orí lè wú, ẹ rántí pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì.

Ìdánwò kan tún ń bọ̀ wá bá yín. Olùtà àti olùrà tó ti pàdé lọ́dọ̀ yín á gba nọ́ńbà ara wọn, wọ́n á sì máa ṣòwò lẹ́yìn yín. Ẹni tó dá ọjà fún télọ̀, púlọ́mbà àti káfíńtà á tètè rí èyí. Ẹ má torí ẹ̀ di ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí àǹfààní dídúró ju ti àtilọ lọ: ẹ di owó mú títí iṣẹ́ yóò fi parí, ẹ dá sí ìjà wọn pẹ̀lú òdodo, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí rere tí olùtà ti kó jọ wà lójú gbogbo ayé. Ẹni tí 300 oníbàárà ti jẹ́rìí sí lọ́jà yín kò ní fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo níbòmíràn.

Bí ọjà bá sì kún tán, ẹ má fún olùtà lọ́rùn. Etsy, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Brooklyn ní 2005, gba ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sọ ọ́ di 5 ní 2018, ó tún sọ ọ́ di 6.5 ní oṣù kẹrin 2022. Lóṣù náà, ọ̀pọ̀ olùtà ti ìsọ̀ wọn pa láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn tó bá yín kọ́ ọjà ni wọ́n. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan lé owó wọn, ẹ bi ara yín pé kí lẹ fi kún èrè wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó san owó fún ẹni tó máa bá yín ṣe áàpù, ẹ lọ jókòó ti àwọn olùtà nínú ìsọ̀ wọn. Ẹ wo ohun tó ń dùn wọ́n, ẹ wo ibi tí owó wọn ń jò sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa kà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: nínú ẹrù tí wọ́n gbé wá, mélòó ló tà, nínú àwọn tó rà, mélòó ló padà, lórí títà kọ̀ọ̀kan, èló ló kù sílẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń lọ sókè, bó ti wù kí ọjà yín kéré tó, ẹ ti di ọlọ́jà. Bí wọn kò bá lọ sókè, ariwo kankan kò lè gbà yín. Ẹ má kánjú gba owó ìsọ̀. Ọjà tí olùtà ti ń jèrè, tí olùrà sì ti fọkàn tán, owó rẹ̀ kì í ṣòro gbà.