Òbúkọ Kékeré Kì Í Ṣe Ọmọdé: Ẹ Yà Á Kúrò Lára Abo Kó Tó Pé Oṣù Mẹ́ta

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sìn ní àyíká ilé. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìyá mi ní abo ewúrẹ́ kan tí kò tíì pé ọdún kan. A ò mọ̀ pé ó ti lóyún. Lóru ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọmọ há sí i nídìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá kú, ọmọ kú. Ewúrẹ́ yẹn ni ìyá mi fẹ́ tà san owó ìdánwò mi. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Ìgbà tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àìmọ̀ tiwa ni. Òbúkọ kékeré tí wọ́n jọ ń jẹun, tí gbogbo wa ń pè ní ọmọdé, ló gùn ún.

Kí ni họ́mọ́ọ̀nù?

Oje kan wà nínú ara ẹran, bíi ti ènìyàn, tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jíṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan dé èkejì. Òun là ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù. Bí ẹran bá fẹ́ bàlágà, ọpọlọ rẹ̀ á rán họ́mọ́ọ̀nù sí kókó kékeré kan tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ. Kókó yìí náà á rán tirẹ̀ lọ bá kórópọ̀n akọ tàbí ilé ẹyin abo. Títí dé ibí yìí, ọ̀nà kan náà ni akọ àti abo ń tọ̀. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ti akọ

Bí kórópọ̀n bá ti gba iṣẹ́, á máa ṣe àtọ̀, á sì máa da họ́mọ́ọ̀nù akọ, testosterone, sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ọrùn òbúkọ ki, kó máa rùn, kó máa jà. Bó bá ti pọ̀ tó, á sọ fún ọpọlọ pé kó rọra. Nítorí náà iṣẹ́ akọ ń lọ déédéé lójoojúmọ́, bí ìsọ̀ tí kì í tì. Òbúkọ ilẹ̀ wa lè fún abo lóyún láti bí oṣù 3 sí 4.

Ti abo

Ti abo dàbí ọjà tó ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná an. Bí ẹyin ṣe ń gbó ni họ́mọ́ọ̀nù abo, estrogen, ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ púpọ̀ òun náà ń dá ọpọlọ dúró. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ dé ojú àmì, ṣe ló ń tì í síwájú: họ́mọ́ọ̀nù á ya jáde lẹ́ẹ̀kan bí àgbàrá òjò, ẹyin á sì já. Irú àgbàrá yìí kì í wáyé nínú ara òbúkọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì yẹn ni ewúrẹ́ ń ké, tó ń ju ìrù, tó ń wá akọ. Bí kò bá lóyún, á tún padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 21.

Oúnjẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Abo tí ebi ń pa kì í tètè bàlágà. Èyí tó ń jẹ yó lè bàlágà ní oṣù 4 tàbí 5. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Họ́mọ́ọ̀nù ti ní ó yá, egungun ìdí kò tíì fẹ̀ tó ibi tí ọmọ máa gbà. Oyún ewúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí oṣù 5. Èyí tó gba akọ ní oṣù 5 á rọbí ní oṣù 10.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ ya àwọn akọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 3. Ẹ kọ ọjọ́ tí a bí wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi èédú fa ìlà kan sára ògiri lóṣooṣù.

2. Akọ tí ẹ ò ní fi gun abo, ẹ pe oníṣègùn ẹran kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹ ṣì yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, torí àtọ̀ lè ṣẹ́ kù sí i lára.

3. Kí abo pé oṣù 10 sí 12, kó sì tóbi tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyá rẹ̀, kó tó gba akọ.

4. Ẹ lo òórùn òbúkọ. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ní Japan rí ohun kan nínú òórùn irun orí òbúkọ tó ń ta ọpọlọ abo jí. Bí àgbà òbúkọ bá ti jìnnà sí àwọn abo tó ti tó gùn fún bí oṣù kan, tí ẹ wá mú un dé, ọ̀pọ̀ wọn á wá akọ lásìkò kan náà, wọ́n á sì bímọ sún mọ́ ara wọn.

5. Ẹ máa pààrọ̀ òbúkọ, kó má baà gun ọmọ ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Níbo ni mo ti fẹ́ rówó kọ́ ọgbà méjì?" Ẹ̀yin aládùúgbò méjì lè ṣàdéhùn: kí akọ gbogbo wà lọ́dọ̀ ẹnì kan, kí abo wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ wo agbo yín lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí òbúkọ tó ti ń sún mọ́ oṣù 3 láàárín àwọn abo kéékèèké, ẹ má ṣe é ní ọ̀la o. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ àdúgbò yín. Ẹran yín á bí tibi-tire.