Kí Ló Dé Tí Súpà Gúlù Ń Yára Lẹ̀ Mọ́ Ìka Ju Kẹ́ẹ̀gì Lọ?

Bí ẹ bá wọ ọjà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí súpà gúlù níbi tí wọ́n pàtẹ bátìrì, tọ́ọ̀ṣì àti abẹ́rẹ́ sí. Apá awò ojú kán, súpà gúlù. Etí kọ́ọ̀bù já, súpà gúlù. Kẹ́ẹ̀gì omi là, súpà gúlù náà ni. Ti ìkẹyìn yìí ló máa ń dójú tini.

Cyanoacrylate lorúkọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Ní 1942, Harry Coover àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ń wá ike tó mọ́ gaara fún awò tí wọ́n fi ń fojú sun ìbọn. Wọ́n pàdé nǹkan yìí, àmọ́ gbogbo ohun tó bá ti kàn ló ń lẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá pa á tì. Ó di 1951 kí Coover àti Fred Joyner tó rí i pé ohun tó ń bíni nínú yẹn gan-an lèrè wà nínú ẹ̀. Ó dé ọjà ní 1958.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ńṣe ló ń gbẹ bí ọ̀dà, rárá o. Omi ló ń wá. Nínú ìgò, àwọn mólékù ẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ásíìdì díẹ̀ tí wọ́n fi sí i ni ò jẹ́ kí wọ́n so pọ̀. Tó bá ti kan ọ̀rinrin tín-ín-tín, ẹyọ kan á di èkejì mú, èkejì á di ẹ̀kẹta mú, títí wọ́n á fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Ìka wa ò sì ṣaláìní òógùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà ọyẹ́ ó máa ń falẹ̀, nígbà òjò ó máa ń yára. Tó bá ń falẹ̀, ẹ há èémí ẹnu sí ojú ibi tó kán kí ẹ tó kán gúlù sí i. Ẹ má fi gúlù kún gúlù: ẹ̀kán kan tó, torí bó bá ti nípọn tó ni ọ̀rinrin á ṣe pẹ́ dé àárín ẹ̀ tó.

Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Polyethylene tàbí polypropylene ni púpọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ yí ìdí ẹ̀ sókè, ẹ ó sábà rí nọ́ńbà 2 tàbí 5 nínú àmì onígun mẹ́ta. Ojú wọn dà bí ewé kókò tí omi bọ́ sí. Gúlù ò rí ibi dìmú. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń fi irin gbígbóná jó o pọ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà, mi ò ní lò ó sí i. Bàtà ń tẹ̀, gúlù yìí kì í tẹ̀, ńṣe ló ń fọ́. Gọ́ọ̀mù táwọn ṣúmékà ń pa sí ìhà méjèèjì, tí wọ́n á jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ló tọ́ síbẹ̀. Etí kọ́ọ̀bù tánńganran á lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi mu tíì mọ́ o: ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí Celsius, púpọ̀ nínú gúlù yìí ti ń rọ̀, itan yín ni omi gbígbóná á sì dà sí. Apá awò ojú, igi kékeré, irin tí wọ́n ti nu epo kúrò lára ẹ̀, ìyẹn niṣẹ́ ẹ̀. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ má fi òwú nu ún o. Tó bá rin òwú tàbí aṣọ òwú, ó lè gbóná débi tí á máa rú èéfín, tí á sì jó ara. Tí ìka bá lẹ̀ pọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ rọra máa yí i. Má fà á.

Ojú ló burú jù. Ìgò rẹ̀ mìíràn jọ ti oògùn ojú gan-an, ẹni tó bá sì ń fọwọ́ wá oògùn lóru lè ṣì í mú. Ẹ má gbé méjèèjì síbì kan náà láé. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fipá ya ìpéǹpéjú, ẹ má fi ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná sí i. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣàn án dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rin bò ó, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.