Ìsinmi Nínú Ìdárayá: Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Ẹgbẹ́ Tí Ń Ka Bíbélì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ẹ́ksódù 23:10–12, I Àwọn Ọba 18:46 àti 19:1–8, Márkù 6:30–32.



Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, kí ọkọ̀ tó kún ojú títì ní Ìtamaga, a máa ń rí ọ̀dọ́ àti àgbà tí wọ́n ń sáré tàbí tí wọ́n ń rìn kánkán nítorí ìlera ara wọn. Ohun tí ó yẹ ní yíyìn ni èyí, nítorí pé tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa, ìlera sì l'oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n fi ìtara bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é pẹ́. Orúnkún a máa dun ẹlòmíràn, ẹ̀yìn a máa ro ẹlòmíràn, àárẹ̀ a sì mú ẹlòmíràn tóbẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè gbé ọwọ́ sí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè, a ó gbọ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń ka ọjọ́ tí wọn kò bá ṣe é sí ọjọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí: ipò wo ni ìsinmi wà nínú ìdárayá? Ohun tí a ó rí ni pé apá kan iṣẹ́ náà gan-an ni ìsinmi jẹ́. Ẹni tí ó bá gé e kúrò, iṣẹ́ tí kò pé li ó ń ṣe.

I. Ohun tí ilẹ̀ ń kọ́ wa

Àwọn baba wa sọ fún wa pé láti inú oko odù li orúkọ Ìkòròdú ti jáde. Ọmọ àgbẹ̀ li a jẹ́, bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ di ọkọ́ mú mọ́ lónìí. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí a bá gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí ojú kan náà lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà yóò ṣá. Nígbà náà li a ó fi í sílẹ̀ kí ó di ìgbòrò. Koríko yóò hù, ewé yóò wọ́ sílẹ̀, yóò sì jẹrà, ọ̀rá ilẹ̀ yóò sì padà. Ẹni tí ń kọjá lọ lè rò pé ọ̀lẹ ni olóko náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ lábẹ́ ewé, bí ojú kò tilẹ̀ rí i.

Nínú Ẹ́ksódù orí 23, Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ lí ọdún keje, kí wọ́n sì sinmi lí ọjọ́ keje. Ẹ kíyè sí i pé ibì kan náà li a fi òfin méjèèjì sí. Ẹlẹ́dàá ilẹ̀ li ó dá ara pẹ̀lú, erùpẹ̀ ilẹ̀ li ó sì fi mọ ọ́n.

II. Bí ara ti ń rí agbára

Nígbà tí a bá sáré tàbí tí a bá gbé ohun wíwúwo, agbára wa kì í pọ̀ sí i ní wákàtí náà. Ṣe li ó ń dínkù. Àwọn fọ́nrán tíntìntín inú iṣan a máa ya díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ tí ara ti kó pamọ́ sínú iṣan a sì máa tán lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀. Ara a tún ibi tí ó ya ṣe, a sì mú un lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta yìí ni ìrora iṣan máa ń pọ̀ jù lọ, pàápàá bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí kò mọ́ wa lára. Oúnjẹ inú iṣan a tó bí ọjọ́ kan gbáko kí ó tó kún padà, bí a bá jẹun dáadáa. Nítorí èyí li àwọn olùkọ́ ìdárayá fi ń gbani ní ìmọ̀ràn pé kí iṣan kan náà rí nǹkan bí wákàtí 48 kí a tó tún fún un ní iṣẹ́ líle.

Ẹ wo ẹni tí ń fi amọ̀ mọ ògiri. Bí ó bá mọ ìpele kan tán, yóò jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó gbé òmíràn lé e. Bí ó bá kánjú, gbogbo rẹ̀ ni yóò wó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ara.

Lí ọdún 1950, Emil Zátopek, eléré ìje ará Czechoslovakia tí gbogbo ayé mọ̀ fún iṣẹ́ àṣekára, ṣàìsàn, wọ́n sì dá a dúró ní ilé ìwòsàn nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù tí a ṣe ní Brussels kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́ tí ó jáde tí ó fi lọ síbẹ̀, ó sì gba ipò kìíní nínú eré mítà 10,000 àti ti mítà 5,000. A kò gbàdúrà fún àìsàn; ṣùgbọ́n àwọn eléré ìje rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀ pé ara tí a ti fi iṣẹ́ kọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ìsinmi ọjọ́ díẹ̀.

III. Èlíjà lábẹ́ igi

Èlíjà sáré ṣáájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé Jésírẹ́lì. Lẹ́yìn èyí, ìbẹ̀rù Jésíbẹ́lì mú un sá lọ jìnnà, ó wọ aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, ó sì jókòó lábẹ́ igi, ó ń tọrọ ikú. Kí li Ọlọ́run kọ́kọ́ ṣe fún un? Kò bá a wí, kò sì rán an ní iṣẹ́ mìíràn. Ó jẹ́ kí ó sùn; ańgẹ́lì fún un ní àkàrà àti omi; ó tún sùn; ó tún jẹun. Lẹ́yìn ìgbà náà li ó tó rin ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ li Olúwa sì ti bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe.

Nínú èyí a kọ́ ohun méjì. Èkíní, àárẹ̀ ara lè wọ aṣọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tí kò sinmi a máa bínú láìnídìí, oúnjẹ kì í wù ú jẹ, oorun a dá a lójú, ọ̀nà tí ó ti ń rìn ní ìrọ̀rùn a sì di òkè níwájú rẹ̀. Ẹ lè fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, kí ẹ ka lílù ọkàn yín fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún òwúrọ̀ bíi mélòó kan, ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi. Èkejì, oorun ni olórí ìsinmi. Kí àgbàlagbà má ṣe sùn dín sí wákàtí 7 lóru. Ẹni tí ó sùn ní agogo méjìlá òru, tí ó sì jí ní agogo mẹ́rin láti lọ sáré, ó ń fi ọwọ́ kan kọ́ ilé, ó ń fi èkejì wó o.

IV. Bí a ó ti ṣètò ọ̀sẹ̀

Lí ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tí ń mú iṣan le lí ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Bí a bá rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 lí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 150 pé, ọjọ́ méjì sì ṣẹ́kù tí a ó fi sinmi. Fún àpẹẹrẹ, ẹ rìn lí ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ẹ fi iṣẹ́ iṣan kún ti Ìṣẹ́gun àti ti Ẹtì. Ẹ sì sinmi lí Ọjọ́rú àti lí ọjọ́ Àìkú. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi kékeré bẹ̀rẹ̀.

Ìsinmi kò wí pé kí a dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé Ọlọ́run, ẹ lọ kí aláìsàn. Ìwọ̀nyí kì í ba ìsinmi jẹ́. Bí ibà bá ń ṣe wá, kí a má sáré rárá. Níwọ̀n bí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin lí ilẹ̀ wa ti ní ẹ̀jẹ̀ AS, kí irú wọn máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì máa dúró mí láàárín eré, pàápàá nígbà oòrùn. Àwọn tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kí wọ́n gba ìmọ̀ràn oníṣègùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi kọfí lẹ́yìn iṣẹ́ líle, kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn.

V. Ọjọ́ wo?

Kí ìhìnrere tó dé pàápàá, àwọn baba wa ní ọjọ́ tí wọn kì í lọ sí oko. Lí ibi púpọ̀, ọjọ́ Jàkúta ni. Àwa Kristẹni ní ọjọ́ Olúwa. Eric Liddell, ará Scotland tí a bí ní Tientsin lí ilẹ̀ Ṣáínà, mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ eré mítà 100 nínú ìdíje Òlíńpíìkì tí a ṣe ní Paris lí ọdún 1924. Ó kọ̀, kò sá a. Lí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù Keje, ó sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá 47.6, ó sì gba wúrà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ́ni pé ọ̀nà àtirí wúrà ni pípa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Ká ní kò borí, òtítọ́ kan náà ni ì bá jẹ́. Ó padà sí Ṣáínà lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì, ibẹ̀ li ó sì kú sí lí ọdún 1945 ní àgọ́ tí àwọn ará Jàpáánì há wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi Liddell ṣe pàṣán fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá mítà 100 olókè fífò ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene lí Amẹ́ríkà, tí kò sí obìnrin tí ó tíì sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ wa pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ lí ọjọ́ Àìkú. Kí irú wọn yan ọjọ́ mìíràn fún ìsinmi, kí wọ́n sì pa á mọ́ pẹ̀lú ìdúpẹ́.

VI. Ta ni ìsinmi wà fún?

Ẹ tún ka Ẹ́ksódù 23:12. Ó dárúkọ akọ màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọmọ ìránṣẹ́bìnrin àti àlejò. Ní àárín wa, àwọn kan wà tí iṣẹ́ oòjọ́ wọn ti jẹ́ ìdárayá líle: àwọn tí ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà, obìnrin tí ń bó ẹ̀gẹ́ tí ó sì ń yan gàrí, alágbàṣe tí ń ru búlọ́ọ̀kù. Irú wọn kò ṣe aláìní eré òwúrọ̀. Ìsinmi ni wọ́n ṣe aláìní. Bí baba ilé bá sinmi lí ọjọ́ Àìkú nítorí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń fọ aṣọ láti ìdájí di àṣálẹ́, ilé náà kò tíì pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Kí ẹni tí ó ní ọmọ iṣẹ́ ronú sí èyí.

Kí ọ̀lẹ má sì ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí bojú. Ẹni tí kò ro oko rí kò ní ilẹ̀ tí ó lè fi sílẹ̀ di ìgbòrò. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì ti ibi iṣẹ́ dé ni Olúwa pè wọ́n sí ibi ìdákẹ́jẹ́ láti sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin ń dúró dè wọ́n láti bọ́.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí nìdí tí òfin ilẹ̀ àti òfin ọjọ́ keje fi wà pọ̀ nínú Ẹ́ksódù 23?
2. Kí li Ọlọ́run ṣe fún Èlíjà kí ó tó bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù?
3. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ li ìwọ ń sinmi? Ta ni ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ lí ọjọ́ náà?
4. Báwo li a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìsinmi àti ọ̀lẹ?

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó sinmi lí ọjọ́ keje, fún wa lí agbára láti ṣiṣẹ́ àti ọgbọ́n láti sinmi, nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.