Kókó Inú Egungun Ìka
Ọ̀pọ̀ kókó tó ń yọ nínú egungun ìka kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ, chondrosarcoma, kò wọ́pọ̀. Àwọn tó ti lé ní ọdún 40 ló sábà ń mú. Ẹni tí kókó ti pọ̀ nínú egungun rẹ̀ láti kékeré wà nínú ewu jù.

Bí kókó bá ń tóbi, tó ń dunni lóru, ẹ lọ ya X-ray. Ẹni tó ń ra oògùn ìrora fún ìka kan náà lóṣooṣù ni mò ń bá wí! Oògùn jẹjẹrẹ kì í sábà ràn án, iṣẹ́ abẹ ni. Bí wọ́n bá gé e kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ ló ń yè é.

Àwọn kan ń sá fún un nítorí àlùwàlá. Ẹni tí wọ́n gé ìka rẹ̀, èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fọ̀, àlùwàlá rẹ̀ sì pé.